Ọkọ̀ Ìjọba Tó Wá Ṣọ́ Ẹja Wa ní Ọ̀pàrà

Mo rántí ìgbà tí ìjọba gbé ọkọ̀ ojú omi wá bá wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè yé yín: ọkọ̀ ojú omi, lórí ọkọ̀ akẹ́rù, láàrin ẹ̀ẹ̀rùn, ní ìlú tí òkè àpáta yí ká, tí ẹni tó bá fẹ́ ti ibẹ̀ lọ wo òkun yóò jí ní kùtùkùtù kó tó lè dé etí òkun lọ́sàn-án. Ojú títì Kùtọnu ló gbà wọlé. Wọ́n fi okùn dì í mọ́lẹ̀ bí màlúù tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Funfun báláú ni, ó ní ìlà aláwọ̀ ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ Faransé gàdàgbà-gàdàgbà sí i lára pé òun ni ọkọ̀ ìṣọ́ ẹja àti ìtọ́jú omi. Àwọn tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì dìde dúró. Ìyá arúgbó kan bèèrè bóyá omíyalé ló ń bọ̀ tí ìjọba fi tètè gbé ọkọ̀ wá. Wọ́n ní rárá o, odò Ọ̀pàrà ni wọ́n gbé e wá fún.

Ẹni tí kò bá mọ Ọ̀pàrà, òun ni odò tó pààlà láàrin àwa àti Nàìjíríà. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, odò gidi ni, á pupa, á máa ru, á máa wọ́ igi lọ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, á gbẹ di kòtò omi níbí, kòtò omi lọ́hùn-ún, ewúrẹ́ á sì máa gba àárín rẹ̀ kọjá lọ jẹko ní òdìkejì. Irú odò yìí ni àwọn ọlọ́gbọ́n tó jókòó sínú yàrá tútù ní Kùtọnu fi ọkọ̀ tí wọ́n kàn fún ọ̀sà ránṣẹ́ sí. Wọ́n gbé e lé orí igi lórí iyanrìn, ó sì jókòó síbẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò àkọ́rọ̀ fi dé. Ọ̀gá tó bá a wá, tí gbogbo wa ń pè ní sẹ́ẹ̀fù, ọmọ etí òkun ni. Láràárọ̀ ni ó ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, á gun ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, á gbé awò sójú, á máa wo ọ̀ọ́kán. Kí ló ń wò? Ewúrẹ́. Ẹ̀rù ewúrẹ́ ló bà á jù láyé, nítorí wọ́n ń fi ọ̀dà ọkọ̀ náà họ ara.

Èmi náà wà níbẹ̀ o, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé àyà síta. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní líísì, ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì dá ara mi lójú pé kò sí ẹni tó gbọ́ Faransé tó mi láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Ofè. Sẹ́ẹ̀fù ò gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì ní àwọn apẹja wa ò gbọ́ Faransé, torí náà wọ́n gbà mí ṣe ògbufọ̀ àti afinimọ̀nà. Wọ́n fún mi ní aṣọ kakí, fìlà, àti súfèé kan. Iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni. Sẹ́ẹ̀fù ní bí mo bá ṣe dáadáa, ìwé yóò ti Kùtọnu wá tí yóò sọ mí di òṣìṣẹ́ ìjọba títí n ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan ni ìyá mi sì bí. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé, “Ìwé náà ò tíì dé?” Ìwé yìí ti wọ̀ mí lórí débi pé bí sẹ́ẹ̀fù bá ní ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn ti ń yọ, n ó túmọ̀ rẹ̀ fún ará ìlú bẹ́ẹ̀, n ó sì fọn súfèé lé e.

Kì í ṣe pé odò náà ò ní olùṣọ́ kí ọkọ̀ ìjọba tó dé. Ibú kan wà lábẹ́ àpáta ńlá kan, ibi tí omi kì í ti í tán bó ti wù kí ẹ̀ẹ̀rùn le tó, ibẹ̀ ni àrọ̀ àti epìyà ń lọ bímọ sí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọ́n á na okùn kọjá lẹ́nu ibú náà, wọ́n á so màrìwò mọ́ ọn, ó parí. Kò sí àwọ̀n, kò sí ìwọ̀, kò sí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ títí ọyẹ́ fi máa lọ. Bó bá wá di ọjọ́ tí wọ́n dá, wọ́n á tú okùn, gbogbo abúlé, onígbàgbọ́ o, mùsùlùmí o, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ o, wọ́n á fi agbọ̀n àti àwọ̀n ọwọ́ rọ́ wọ ibú lẹ́ẹ̀kan náà láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Ẹja tí ẹyin bá wà nínú rẹ̀, wọ́n á dá a padà. Ẹja ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni àwọn obìnrin máa ń yan, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan á máa jẹ, tí wọ́n á máa tà, títí iṣu tuntun á fi jáde. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni olùṣọ́ ibú náà. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ní ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi. Kò ní súfèé. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ sẹ́ẹ̀fù, n ó ní ẹ wo aláṣẹ tó ń fi ewé ọ̀pẹ ṣòfin. Sẹ́ẹ̀fù á rẹ́rìn-ín, èmi á sì rẹ́rìn-ín ju sẹ́ẹ̀fù lọ.

Nígbà tí odò wá kún, ọkọ̀ náà léfòó, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wo? Sẹ́ẹ̀fù ní rúlà oníke kan tó fi ń wọn ojú àwọ̀n. Bí ojú àwọ̀n bá ti kéré sí ohun tí ìwé wí, ó gbà á. Ó wọn agbọ̀n àwọn obìnrin, ó gba agbọ̀n. Ìyá kan gbé asẹ́ tó fi ń sẹ́ ògì wá fọ̀ létí odò, ó wọn òun náà. Ẹ má rò pé àsọdùn ni, ojú mi ló ṣe é. Ìyá náà kọjú sí mi, ó ní, “Ọmọ mi, bá mi sọ fún un pé ògì ni, kì í ṣe ẹja.” Mo sọ fún un. Sẹ́ẹ̀fù ní òfin ò yọ ògì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gbé ẹsáǹsì, epo bẹntiróòlù, láti Nàìjíríà sọdá nínú kẹ́ẹ̀gì, àti àwọn tó ń da oògùn kòkòrò inú òwú sómi lókè odò láti fi pa ẹja, ń lọ ń bọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ariwo ẹ́ńjìnnì wa á ti sọ fún wọn pé à ń bọ̀ kí àwa tó gbéra. Wọ́n tiẹ̀ máa ń juwọ́ sí wa láti òkè odò níbi tí omi ò ti jìn, torí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ ńlá náà ò lè débẹ̀.

Ní oṣù tí òjò pọ̀ jù lọ́dún náà, wọ́n ní ọ̀gá àgbà kan ń bọ̀ láti Kùtọnu pẹ̀lú àwọn ayàwòrán, pé ó fẹ́ wá wo bí ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀fù ò sùn, kò wo. Ó ń wá ibi tí omi ti jìn tó sì dákẹ́, tí àpáta á wà lẹ́yìn kí àwòrán lè dára. Ibo ló tún kù bí kò ṣe inú ibú? Èmi sì mọ ohun tó wà nínú ibú náà. Àpáta kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí omi ń bò mọ́lẹ̀, tí àwa ọmọdé máa ń wẹ̀ lọ dúró lé lórí, omi á mọ wá láyà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé wa. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀wò náà, mo la ẹnu láti sọ ọ́. Sẹ́ẹ̀fù gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Lọ́la, ìgbà tí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan nìkan ni kí o sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó ń bọ̀ yìí ló máa buwọ́ lu ìwé rẹ.” Mo pa ẹnu náà dé.

Ọ̀gá àgbà dé pẹ̀lú bàtà tó ń dán bí dígí. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀, wọ́n ṣí agboòrùn lé e lórí. A tukọ̀ dé ẹnu ibú, okùn màrìwò sì wà níwájú wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dúró létí omi, kò jìnnà. Ó kí wa, ó wá pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, sọ fún wọn kí wọ́n má wọ ibẹ̀. Ẹja ń bímọ lọ́wọ́. Ìwọ náà sì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀.” Ọ̀gá àgbà bèèrè ohun tí bàbá náà wí. Mo ní ó ní ẹ káàbọ̀. Ọ̀gá àgbà juwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ayàwòrán yà á. Sẹ́ẹ̀fù na ọ̀bẹ sí mi, ó ní, “Gé e kúrò.” Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ wo ló ń gé màrìwò? Ọmọ tó bá fà á já láti fi ṣeré, wọ́n á nà án. Èmi gé e, bàbá tó so ó sì ń wò mí.

A ò tíì rìn tó ogún ìgbésẹ̀ tí ọkọ̀ fi dún gbàà. Ó dúró, ó wá dẹ̀gbẹ́. Ọ̀gá àgbà fi orúnkún àti ọwọ́ méjèèjì kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, agboòrùn ń bá omi lọ. Àpáta ti ya ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, ibẹ̀ gan-an ni àgbá ẹsáǹsì sì wà. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, ó ń tàn lójú omi, pupa, búlúù, yẹ́lò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ọkọ̀ kékeré rẹ̀ wá, ó sì ń kó wọn ní méjì-méjì lọ sí èbúté. Àwọn tó wá gba omi là, bàbá eléwé ọ̀pẹ ló gba àwọn fúnra wọn là. Kò sí ẹni tó kí i pé ó ṣeun nínú wọn, èmi náà ò kí i.

Kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹja ti bo ojú ibú, gbogbo wọn dojú ikùn sókè. Àrọ̀ tó gùn tó apá èèyàn, tí ẹyin ṣì wà nínú wọn, ń jó lọ jó bọ̀ lórí omi. Òórùn náà dé abúlé. Àwọn obìnrin sáré wá, wọ́n gbé ẹja díẹ̀ sókè, wọ́n gbóòórùn ẹsáǹsì lára rẹ̀, wọ́n jù ú sílẹ̀. Ìyá mi wà láàrin wọn, ó ká ọwọ́ lérí. Oúnjẹ ọdún kan ló ń wò yẹn.

Ẹja ti kú, ọkọ̀ ti fọ́, ayàwòrán sì ti rí i, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru ẹ̀bi rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi sí yàrá kan ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Kí a tó wọlé, sẹ́ẹ̀fù gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà fún mi. Ó ní, “Àwọn tó ń gbé ẹsáǹsì láti Nàìjíríà ló da epo sínú omi. Bàbá yìí ló ń gbà wọ́n láàyè. Ohun tí yóò sọ nìyẹn. Bó bá sọ òmíràn, ìwọ ni ògbufọ̀.” Ó wá ní ìwé mi wà nínú àpò ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ náà.

A wọlé. Ọ̀gá àgbà ní kí bàbá sọ ohun tó mọ̀. Bàbá ò wo ọ̀gá àgbà rárá, èmi ló ń wò. Ó ní, “Sọ fún wọn pé ọkọ̀ wọn ló gun àpáta, epo inú rẹ̀ ló sì pa ẹja wa. Sọ fún wọn pé ìwọ lo gé okùn, ṣùgbọ́n wọ́n rán ọ ni, kí wọ́n má dá ọ lẹ́bi. Kí wọ́n kàn bá wa wá bí a ó ṣe fọ ibú náà kí ẹja tó kù má baà kú.” Ohun tó sọ nìyẹn, mi ò gbàgbé ẹyọ kan níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni bàbá rán mi, mo fi tẹrú jẹ́ ẹ. Mo kọjú sí ọ̀gá àgbà, mo sọ ọ́ ní Faransé tó já gaara, Faransé líísì, pé bàbá ní àwọn tó ń gbé ẹsáǹsì máa ń gba ibẹ̀ kọjá, pé òun mọ̀ wọ́n, òun kò sì dá wọn dúró, àti pé kẹ́ẹ̀gì wọn ló dànù sínú ibú. Ọ̀gá àgbà bèèrè bóyá ó dá a lójú. Mo ní ó ní ó dá òun lójú.

Akọ̀wé tẹ ìwé. Wọ́n ti àwo tàdáwà síwájú bàbá kó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bàbá ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́, ó tọ ìkejì, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ó mú bíìkì ìkọ̀wé lọ́wọ́ akọ̀wé, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní pípé. Mo rí i pé bàbá kà á tán. Sẹ́ẹ̀fù ò tiẹ̀ kíyè sí i, ó ń fi aṣọ nu awò rẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ bàbá ò gbọdọ̀ ṣọ́ ibú mọ́, kò sì gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ lé Ọ̀pàrà mọ́ láyé rẹ̀.

Mo sá tẹ̀lé e jáde. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú mẹ́rì ni mo ti bá a. Ó yíjú padà, ó sọ fún mi ní Faransé tó mọ́ ju tèmi lọ pé mo gbọ́ Faransé dáadáa, pé owó ilé ìwé mi ò ṣòfò. Lẹ́yìn náà ni mo tó wádìí tí wọ́n sọ fún mi pé kí wọ́n tó bí mi, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ojú irin láti ibí dé Parakú, lábẹ́ àwọn ọ̀gá tí kì í sọ èdè mìíràn. Mi ò mọ̀, torí mi ò bi í rí. Ta ló ń bi eléwé ọ̀pẹ bóyá ó kàwé? Mo ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi buwọ́ lù ú? Kí ló dé tí ẹ ò já mi nírọ́?” Ó padà sí Yorùbá. Ó ní, “Ìyá rẹ ò bí méjì.” Ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ìwé mi dé kí oṣù tó parí. Ìyá mi jó, ó pe aládùúgbò, ó se iṣu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá a yọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí lójú gbogbo wọn, ó gbàdúrà pé kí iṣẹ́ náà sàn mí, èmi náà ṣe àmín. Mo fi odidi ọdún mẹ́rin wọ kakí yẹn kí n tó bọ́ ọ sílẹ̀, tí mò ń ṣọ́ ọkọ̀ tó dẹ̀gbẹ́ sétí odò, tí koríko ń hù nínú rẹ̀, tí ewúrẹ́ sì ń họ ara sí i tẹ́rùn. Sẹ́ẹ̀fù ti padà sí etí òkun, mo gbọ́ pé wọ́n gbé e ga. Nígbà tí ọjọ́ wíwọ ibú pé lọ́dún náà, àwọn èèyàn kó agbọ̀n tí wọ́n fi pa mọ́ jáde, wọ́n rọ́ wọ omi. Oòrùn ò tíì mú tí gbogbo wọn ti gòkè. Epìyà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ni èyí tó tóbi jù nínú ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí òjò mìíràn dé, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó yẹ kó so màrìwò, torí náà kò sí ẹni tó so ó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò dé Ọ̀pàrà mọ́. Iṣu ló ń gbìn títí ó fi kú. Kò sọ ohun tí mo ṣe fún ìyá mi, àbúrò rẹ̀. Ìyá mi ṣì lo ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì máa ń mi orí bó bá rántí rẹ̀, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn dáadáa ni, kí ló wá dà á pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹ́sáǹsì?” Oúnjẹ á wà níwájú mi, n ó máa jẹ ẹ́ lọ. Òun náà kú, mi ò sọ fún un. Mo ti bú sẹ́ẹ̀fù, mo ti bú ọ̀gá àgbà, mo ti bú Kùtọnu, ẹnu mi ò sì rẹ̀ níbi ká bú wọn, ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ mí lóru àti lọ́sàn-án kò sí nínú gbogbo wọn. Èmi ni mo la ẹnu tí mo sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí.

Oko kajú ni mo ń ṣe báyìí, lọ́nà Ofè. Àwọn oníwèé ìjọba ṣì ń wá: èyí ní igbó lòun wá ṣọ́, èyí ní ẹnubodè, èyí ní kòkòrò kajú. Wọ́n á bèèrè ògbufọ̀, ará abúlé á ní ẹnì kan wà níbí tó lọ líísì nígbà èwe rẹ̀. Wọ́n á wá mi dé abẹ́ igi, wọ́n á sọ Faransé sí mi, èmi á sì fi Yorùbá sọ fún wọn pé mi ò gbọ́, n ó tọ́ka ilé olùkọ́ fún wọn. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú wọn bínú. Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní ní Faransé pé púrúǹtù ni gbogbo àwọn àgbà ibí yìí, pé ẹ wo irun funfun lórí òpè. Ẹnì kejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín ju ẹni tó sọ ọ́ lọ. Oòrùn sì mú lọ́jọ́ náà. Mo dìde, mo bu omi fún wọn mu.